Àká Kan Lójú Ọ̀nà Doguè

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, 1937

Ọyẹ́ dé tòun ti ìbínú. Ètè mi ti là, ẹsẹ̀ mi ti là, iyọ̀ tí a rà ní súù méjì ní Bassila lóṣù tó kọjá ti di mẹ́ta.

Akọ̀wé ṣẹ́ẹ̀fù tí àwọn òyìnbó fi jẹ olórí wá sí oko lónìí, òun àti gáàdì kan, láti kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ fọ́ òkúta lójú ọ̀nà ọkọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń sá wọgbó bí ó bá wọ ìlú, kì í ka orí mọ́. Àká iṣu ni ó ń kà. Àká kan, ọkùnrin kan. Ó dúró níwájú àká wa, ó wo Amidou tí a jọ ń ro oko náà, ó ní, “Ìwọ, àká tìẹ dà?”

Kí Amidou tó la ẹnu ni mo ti dáhùn pé àbúrò mi ni, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń jẹ. Mo fi ìwé ẹ̀rí òkúta tí mo fọ́ lọ́dún tó kọjá hàn án. Ó wo ìwé náà, ó wo ọwọ́ mi níbi tí èékánná mẹ́ta kò ti hù padà, ó sì kọjá lọ sí ìhà Doguè.

Nígbà tí a kò gbúròó wọn mọ́, Amidou jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Àbúrò rẹ! Èmi tí mo fi oṣù méjì jù ọ́ lọ!” Mo ní kí ó dìde, kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ju èèpẹ̀ lù mí.

Ọdún yìí, wọn kò ní mú un. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ekútè jẹ márùn-ún nínú èèbù iṣu tí a ó gbìn. A wú èyí tó kù tán. Amidou fi ìtàkùn kan ṣoṣo di gbogbo rẹ̀ mọ́ àká, bí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ kejìlá

Inú ń bí mi, ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí sì ti ya.

Bàbá Babalọlá wá sí oko. Òun ni àbúrò bàbá Amidou, òun ni ó tọ́ ọ, ó sì rò pé ẹni tó tọ́ ọmọ ló ni ọmọ títí dé egungun. Ó yí àká ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀pá gún un.

“Amidou, èwo ni tìẹ nínú eléyìí?”

“Gbogbo rẹ̀, Bàbá.”

“Èwo wá ni ti Bàdírù?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Bàbá Babalọlá wò wá bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí òrùlé. Ó ní òun ti bá Yáyà sọ̀rọ̀ ní Bassila, ó ti gbà láti fún Amidou ní ọmọ rẹ̀, Kadidjatou, lẹ́yìn Iléyá. Ṣùgbọ́n Yáyà kò ní fi ọmọ fún ọkùnrin tí kò ní àká. Nítorí náà, kí a pín in kí oṣù yìí tó tán.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá pín in, akọ̀wé yóò rí àká méjì. Èmi ti lọ, Amidou kò tíì lọ rí. Òun ni wọn yóò mú.”

“Akọ̀wé ti kọjá. Kò ní padà títí òjò.”

“Bí ó bá padà ńkọ́?”

“Bàdírù, ṣé ìwọ ni o bí i ni? Àbí kí ni ó ń dùn ọ́ gan-an?”

Mo fẹ́ sọ ohun tó ń dùn mí. Amidou ń wo ilẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tèmi dákẹ́ lóòótọ́, ó dákẹ́ fọ́ọ́.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo bi Amidou pé kí ni yóò ṣe. Ó ní, “Bàbá mi ni.” Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ọkọ́, ó lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi Awaou bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń la igi. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ó ti padà sọ́dọ̀ wa, òun ni ó ń se oúnjẹ tí èmi àti Amidou ń gbé lọ sóko. Ó ní igi tí mo ń là yẹn kò ṣẹ̀ mí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“N ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Ká ní ẹ to àká méjì, kí ẹ máa sùn nínú ahéré kan, ta ni ìbá yẹ̀ yín wò? Ọ̀rẹ́ ni wọn ìbá máa pè yín títí ewú yóò fi gba orí yín. Ṣùgbọ́n èèbù! Èmi àti ọkọ mi, ọdún mọ́kànlá, a ò da èèbù pọ̀.”

Mo sọ àáké sílẹ̀. “Ẹ mọ̀?”

“Ojú mi ò fọ́, Bàdírù. Ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni. Ní sùúrù.”

Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló mọ sùúrù tà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ nípa èèbù, òótọ́ yẹn sì ni ó ń bí mi nínú jù. A kò rò ó. A wú iṣu, a kó o jọ, a dì í. Ó rọrùn bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń jẹun nínú àwo kan.

Màá kọ ọ́ síbí, nítorí èmi nìkan ni mo mọ ìwé kà nílé yìí. Ṣakí tí mo lọ ṣe lébìrà ni mo ti kọ́ ọ, n kò sì kọ́ ọ láti máa purọ́. Ọdún kẹta nìyí. A ń ṣán oko tuntun, wèrèpè dà sí mi lẹ́yìn láti ọrùn dé ìbàdí. Mo ń ké, mo ń fara nu igi. Amidou kó eérú láti ìdí ààrò, ó dá mi dùbúlẹ̀, ó ń fi eérú fọ ẹ̀yìn mi díẹ̀díẹ̀. Yíyún náà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Èmi náà kò ní kí ó lọ. Mo yíjú pa dà, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ, ni mo bá dì í mú.

Ọkùnrin méjì tó ti tó bímọ ni wá nígbà náà. Kò sẹ́ni tó tan ẹnìkan. Mo fẹ́ Amidou bí bàbá mi ṣe fẹ́ ìyá mi, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbá mi a máa gbàgbé láti kí i bí ó bá dé láti oko.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n pín in.

Bàbá Shehu, àgbà àdúgbò wa, ni Bàbá Babalọlá mú wá láti pín in. Awaou wá pẹ̀lú, ó ní omi mímu ni òun gbé wá. Bàbá Shehu ní kí oníkálukú mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀, pé ẹni tó wú èèbù a máa mọ èèbù rẹ̀. Mo wo Amidou, Amidou wò mí. A kò mọ ọ̀kan.

Bàbá Babalọlá pàtẹ́wọ́. “Ẹ rí nǹkan! Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe baba, wọn kì í ṣe ọmọ, wọn kò sì láàlà. Amidou, kí ni Bàdírù jẹ́ sí ọ?”

Èmi náà fẹ́ gbọ́. Olúwa mọ̀ pé mo fẹ́ gbọ́.

Amidou ní, “Aláàáró mi ni.”

Aláàáró. Ẹni tó bá mi kọ ebè lónìí, tí mo bá a kọ ebè lọ́la, tí a jọ mu omi, tí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta!

Ó wá lọ mú ọ̀bẹ, ó jókòó sídìí àká. “Ẹ má dààmú ara yín, ẹ̀yin bàbá. Màá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.” Ó gé àkọ́kọ́, ó ju àbọ̀ kan sọ́tùn-ún, ó ju àbọ̀ kan sósì. Bàbá Shehu ní, “Ọmọ, èèbù kékeré báyìí, o ń bà á jẹ́ ni.” Ó ń gé e lọ, orí rẹ̀ kò sókè, kò fi ojú kan mi.

Ó kọjá agbára mi. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ ń gé koríko tí ẹnikẹ́ni kò nílò. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ru tirẹ̀ lọ. Tèmi wà lábẹ́ igi òrí, Amidou ti fi ewé bò ó. Mi ò ṣí i. Kí ó jẹrà síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Aláàáró!

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti to àká tuntun fún un sétí ọ̀nà gan-an, igi rẹ̀ ṣì funfun. Afọ́jú pàápàá yóò rí i. Bàbá Babalọlá ń fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1938

Amidou wá sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, òun tí kì í kàgò rí.

“Bàdírù, mo ń lọ ṣiṣẹ́ àna ní oko Yáyà. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń bá mi lọ. Mo ní kí n sọ fún ọ.”

“Kí aláàáró mìíràn bá ọ lọ. Wọ́n pọ̀.”

Ó ní, “O ti wo èèbù rẹ?”

“Mi ò ní èèbù.”

“Bàdírù, lọ wo èèbù rẹ.”

Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń wá ohun tí kò sọnù nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú, ó ti lọ. Awaou tó wà nídìí ààrò sọ pé orí kunkun mi yìí, ọlọ ni wọn ìbá fi ṣe. Mo bínú sí òun náà.

Ọjọ́ kẹfà

Akọ̀wé padà wá. Bàbá Babalọlá ní kò ní padà títí òjò, ó padà lójú ọyẹ́. Kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ní ènìyàn kò pé, kí wọ́n fi ogún kún un. Akọ̀wé rí àká tuntun sétí ọ̀nà, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló ni ín. Bàbá Babalọlá, tó ti ń fi í yangàn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Gáàdì ti gba Bassila lọ láti mú Amidou.

Mo lọ bá Bàbá Babalọlá. Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú jọ sẹ́nu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ ẹní. Mi ò rí ọ̀kan sọ nínú wọn. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n kó wọn gba Manigri, ìlú wa, kọjá ní ìyálẹ̀ta, méjìdínlógún, okùn so ọrùn ọwọ́ wọn pọ̀ ní méjìméjì. Ọdún méjì, gáàdì ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tèmi, oṣù mẹ́ta ni mo lò, a sì sin mẹ́rin.

Amidou ni ó ṣìkẹta. Eruku bo gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ funfun ju ti àwọn tó kù lọ, ó funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń pè é. Bàbá Babalọlá kúnlẹ̀ níwájú gáàdì pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, wọ́n tì í ṣubú. Mo ní, “Amidou! Amidou, gbọ́!” Lẹ́yìn náà n kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó gbọ́.

Gáàdì ń wò ó. Amidou fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà Doguè níbi tí oko wa wà, ó tún júwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì fà á lọ.

Mo lọ tààrà sí oko. Mo ṣí ewé kúrò.

Orí iṣu ni gbogbo wọn. Mo tú u títí dé ìsàlẹ̀, n kò rí ìdí iṣu kan ṣoṣo. Nínú gbogbo èèbù tó gé, ó fi orí fún mi, ó kó ìdí. Orí ní í tètè hù, ọmọdé Manigri mọ̀ ọ́n. Ìdí a máa jẹrà, a máa pẹ́, a sì máa mú iṣu bí ìka wá. Ojú ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ti fi eérú kùn kí ó má baà jẹrà, ó kùn ún dáadáa, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Níwájú gbogbo wọn ni ó ti ṣe é, lójú bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yé.

Ikán ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. Kì í ṣe Babalọlá ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe akọ̀wé. Èmi ni.

Ó ní kí n lọ wo èèbù mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní kí n lọ wò ó.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sí Bassila. Mo bá Kadidjatou lóko bàbá rẹ̀. Obìnrin gíga ni, ó ti tó ẹni ọdún márùnlélógún. Ó ń fọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ó wò mí. “Ìwọ ni orí.”

Mo ní, “Kí ni?”

“Ó kó ìdí iṣu wá. Ìdí, ìdí, ìdí. Kò gbìn ín. Ó jókòó, ó ń fi eérú sí i lójoojúmọ́. Bàbá mi ní ọ̀lẹ ni. Mo bi í, orí rẹ̀ dà? Ó ní ó wà níbi tí yóò ti tètè hù.”

N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní kí ó má bínú.

“Mo ń bínú,” ni ó wí. “Wọ́n ti ra aṣọ mi. Kò sí ẹni tó bi mí. Kò sí ẹni tó bi òun náà. Ta ni wọ́n bi?” Ó wọ inú ahéré, ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì jáde, ó fi aṣọ òun fúnra rẹ̀ ṣe òṣùká fún mi. “Kó o lọ. Mi ò fẹ́ kí ó jẹrà lọ́wọ́ mi.”

Mo ru ọ̀kan, mo padà wá ru ìkejì. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Amidou kò mọ nǹkan gé gún, kò mọ̀ ọ́n rí. Mo dúpẹ́. Ojú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan wọ́ lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà mo ń mú orí kan, mo ń fi ìdí dán an wò títí ẹnu méjèèjì yóò fi pàdé. Lánàá, mọ́kànlélógún. Lónìí, mẹ́rìndínlógún. Èyí tí ikán jẹ orí rẹ̀, mo fún ìdí rẹ̀ ní ebè tirẹ̀.

Orí kan, ìdí kan, ebè kan. Bàbá Shehu kọjá, ó dúró títí. Ó ní a kì í gbin méjì sínú ebè kan, wọn yóò fún ara wọn pa. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ara wọn.” Ó bá mi ṣa ewé gbígbẹ, ó dé ebè mẹ́ta, ó lọ. Kò bèèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Gbogbo ebè ti dé fìlà. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, Iléyá

Bàbá Babalọlá gbé ẹran wá. Kò rán ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ni.

“Bàdírù, ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi kọ lẹ́tà sí kọmandáǹ. Sọ fún un pé àká kan ni ẹ ní. Sọ pé àṣìṣe ni èkejì.”

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. “Àṣìṣe ta ni, Bàbá?”

Ó gbé ẹran náà sílẹ̀.

“Ẹ ní kí ni mo jẹ́ sí i. Ẹ bi í níwájú ènìyàn. Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?”

“Kọ ohun tó bá jẹ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. “Kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kí wọ́n ṣáà dá a padà.”

Mo jókòó tì í. Mo ní faransé ni kọmandáǹ ń kà, Yorùbá nìkan ni mo mọ̀ kọ. Òótọ́ ni. Ó mi orí, ó jókòó pẹ́ bí ẹni tó ń dúró kí n tún sọ nǹkan mìíràn. Awaou jẹ nínú ẹran náà. Èmi kò jẹ.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀, kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí ìròyìn. Ẹnìkan láti Bassila ní a ti sin méjì nínú àwọn tí wọ́n kó lọ, kò mọ orúkọ wọn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Orí ti ń hù. Mo ka méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ ìtàkùn pupa kékeré tó ń wá ohun tí yóò dì mú. Mo ti ri igi fún wọn.

Ìdí kò tíì hù. Mo fi ìka tú ẹ̀gbẹ́ ebè kan wò, kò rà. Eérú Amidou ṣì wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Akọ̀wé kọjá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lówùúrọ̀. Mo ti tú àká tuntun etí ọ̀nà yẹn, mo fi igi rẹ̀ ṣe ọ̀pá iṣu. Bàbá Babalọlá rí mi níbi tí mo ti ń tú u, ó bá mi di apá kan mú. Akọ̀wé bèèrè pé àká mélòó ló wà níbí. Mo ní ọ̀kan. Ó ní méjì ni òun kọ sílẹ̀. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó kà á. Ó wo ojú mi, kò sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán, ìdí kan hù. Ebè kẹrin, lápá òsì. Mo pe Awaou láti wá wò ó, ó wò ó, ó wò mí, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi sí ọ, Amidou. O lè sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n o ní aláàáró rẹ ni mí, ó dára, mo gbà. Àáró kì í parí lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣe tirẹ̀. Mo ti gbin tìẹ, mo ti dé ebè rẹ, mo ti ri igi rẹ. Mo ti ṣe tèmi tán. Ìwọ ni ó kàn, wá ṣe tìẹ.